Bámigbé, Ajá Tó Máa Ń Wà Nílé Kejì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn un, má sùn lé ẹ̀gbọ́n rẹ léjìká, àlọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yìí ń yí gbirigbiri bọ̀. Ó yí dé iwájú ilé kan, ilẹ̀kùn tì. Ó yí dé òmíràn, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó yí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá fìdí kalẹ̀ gbì sí ìlú Òkèèsán, sórí arúgbó kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Bámigbé, àti ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tí ń jẹ́ Láníhùn.

Láyé ọjọ́un, odò Òkèèsán kún àkúnya. Ó ya wọ àdúgbò ìsàlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gbé ògiri, ó gbé ìkòkò, ó gbé ẹní. Àwọn ará ìsàlẹ̀ fò sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tukọ̀ lọ sí òdìkejì, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ọkọ̀ gba ọmọ, ó gba arúgbó, kò gba ẹran. Ajá lúwẹ̀ẹ́. Ewúrẹ́ gbé orí sókè nínú omi, ó ń ké. Ológbò gun igi. Nígbà tí omi fà, gbogbo ẹran tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí gòkè wá sí àdúgbò òkè, wọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú.

Ajá ń sùn lábẹ́ àtíbàbà ọjà. Ewúrẹ́ ń bímọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Bí o bá jí lówùúrọ̀, o ó bá àgùntàn tí o kò mọ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ, yóò máa wò ọ́ bí ẹni pé ó ránṣẹ́ sí ọ lánàá, o kò dáhùn.

Ọba pe gbogbo ìlú jọ. Ọba náà bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ní ọjọ́ kan náà ni Ẹlẹ́dàá dá ènìyàn àti ẹran orí ilẹ̀, ẹran ni ó sì kọ́kọ́ dá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún òun pé ẹran kì í ṣe ẹbí. Ó ní bí omi bá lé ẹbí rẹ jáde, ṣé òkò ni o ó sọ lù ú? Gbogbo ènìyàn ní rárá o, Kábíyèsí. Ó wá bi wọ́n pé kí ni kí wọ́n ṣe.

Wọ́n ronú títí. Àgbà kan wá dìde, ó ní kí ni àwọn fi ń roko láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Wọ́n ní àáró ni. Ó ní kí ni àwọn fi ń kọ́lé? Wọ́n ní àáró náà ni. Ó ní ẹ jẹ́ kí á fi bọ́ ẹran.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ àáró. Lónìí, gbogbo wa á pé sí oko tìrẹ, a ó ro ó. Lọ́la, gbogbo wa á pé sí oko tèmi. Iṣẹ́ ń yí kiri, kò wúwo fún ẹnì kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ẹran gan-an nìyẹn: kí ilé kan gba ẹran kan, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn títí di ọjọ́ ọjà, bí ọjà bá pé, kí wọ́n fà á fún ilé tó kàn. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò máa fa ẹran láti ilé dé ilé? Láníhùn dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun kò fẹ́ ohun kankan, èrè òun ń bẹ lọ́run.

Èrè rẹ̀ kò sí lọ́run o. Ẹ máa gbọ́.

Ní ìpẹ̀kun àdúgbò òkè yìí ni Àwẹ̀ró ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òdìkejì odò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, bí ẹni ń wo inú omi tí wọ́n fọ ẹ̀gẹ́ sí. Ajá kan ṣoṣo ló ní, Bámigbé, láti ìgbà tí ajá náà ti wà lọ́mọ ọwọ́. Bí ó bá ń lọ sí odò, Bámigbé á ṣíwájú. Tí wọ́n bá dé ibi tí gbòǹgbò igi gbé yọ sójú ọ̀nà, á dúró, kò ní kúrò títí ìyá àgbà yóò fi gbé ẹsẹ̀ kọjá. Tí ó bá sọ̀rọ̀ lálẹ́, Bámigbé á fi ìrù lu ilẹ̀ pọ̀, pọ̀, pọ̀. Òun nìkan ni ó kù tó ń dá a lóhùn nínú ilé náà.

Ọjọ́ tí àwọn gìrìpá ìlú gbé okùn jáde láti kó àwọn ẹran tí kò nílé, Àwẹ̀ró ń ti oko igi bọ̀, Bámigbé ń bẹ níwájú. Bí wọ́n ti rí ajá lójú ọ̀nà ni wọ́n ju okùn sí i lọ́rùn. Ìyá àgbà ní tòun ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé gbogbo ajá tó bá wà lójú ọ̀nà ni ọba ní kí àwọn kó, kí ó lọ rí Láníhùn. Ó gbé igi kalẹ̀, ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ilé Láníhùn.

Láníhùn fún un ní àpótí jókòó. Ó ní, “Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ó ti wọ inú àáró báyìí. Tí ó bá yí kan ilé yín, ẹ ó rí i.”

“Ajá tèmi ni yóò yí kàn mí?”

“Bí àáró ṣe rí nìyẹn, Ìyá. Kò mọ ojúsàájú.”

Àwẹ̀ró padà sílé. Ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀, kò rí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí ó parí sí.

Ó pẹ́, ó yí kàn án lóòótọ́. Láníhùn kan ilẹ̀kùn kọ́kọ́kọ́, ó fa okùn lé e lọ́wọ́. Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án, ó kan ìwo. Ó ní, “Láníhùn, èyí kì í ṣe ajá.” Láníhùn ní ẹran ṣáà ni, pé Ọlọ́run kan náà ló fi èémí sínú wọn. Ìyá àgbà rí i pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ajá rẹ̀ kò sí nílé. Ó fún ewúrẹ́ ní èèpo ẹ̀gẹ́, ó tẹ́ ewé sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohùn rẹ̀ ni ọjọ́ ọjà pé, wọ́n wá fà á lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò mọ èyí tí òun ì bá sunkún rẹ̀, ajá ni tàbí ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe dà nígbà náà. Ìlú dàrú ni. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ yìí: ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ lójú aládùúgbò ni a ń fi pe ajá. Bámigbé dé ilé akọpẹ, akọpẹ sọ ọ́ ní Ẹ̀yìn-là-ń-wò. Ó dé ilé alágbẹ̀dẹ, ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ ọ́ ní Àṣírí-á-tú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà bọ́ síta, ó ń pe ajá pé, “Àṣírí-á-tú! Àṣírí-á-tú!” Orogún rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ jáde, ó ní àṣírí ta ni yóò tú? Ó ní, “Ajá ni mò ń pè.” Èkejì ní ajá wo, ṣebí Ẹ̀yìn-là-ń-wò ni ajá yìí ń jẹ́ lọ́jà tó kọjá? Ó ní ẹ̀yìn ta ni wọ́n ń wò? Àfi ìgbà tí alágbẹ̀dẹ fi ọmọ owú sílẹ̀ tó wá là wọ́n. Ajá dúró láàárín wọn, ó ń wo ẹni yìí, ó ń wo ẹni yẹn.

Ewúrẹ́ tí ó sùn nílé kan lánàá á jí, á gba ilé tí ó sùn níjẹrin lọ. Wọ́n á lé e. Á gba ilé tí kò tíì yí kàn lọ. Wọ́n á ní kò tíì tó àkókò. Á wá dúró sáàárín títì, á máa jẹ àpọ́jẹ lẹ́nu òfìfo. Àwọn ènìyàn náà kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Ẹni tó ní àgùntàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ fi tirẹ̀ sínú àáró láìmọ̀, ó ń bọ́ ti ẹlòmíràn.

Bàbá, ta ló wá ni àgùntàn náà?

Èmi pàápàá ń bi ara mi. Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

Inú rúdurùdu yìí ni Láníhùn ti rí ọ̀nà. Bí ó bá mú ẹran nílé akọpẹ, á sọ fún un pé òun ń fà á lọ sílé alágbẹ̀dẹ. Á dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, á ní ẹ má dààmú, ó ṣì wà nílé akọpẹ. Kò sí ẹni tó jẹ́ yọjú sílé ẹnì kejì láti wò ó. Kí ló dé? Ẹni tí ẹran kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ń dúpẹ́ nínú pé òun ríbi sinmi. Àánú ti sú wọn, wọ́n ń retí kí ẹlòmíràn gbà á. Láníhùn ń da àwọn ẹran náà lọ sí àká iṣu àtijọ́ kan lẹ́yìn oko rẹ̀, ó tì wọ́n mọ́bẹ̀ pinpin. Ó ń retí kí ọ̀nà gbẹ, kí ó dà wọ́n lọ tà ní ìlú òkèèrè.

Nígbà tí ara Àwẹ̀ró kò gbà á mọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bọ́ síta láti wá ajá rẹ̀ láti ilé dé ilé. Bí ó ti ń lọ ni ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Bámigbé, ọmọ Àwẹ̀ró,
*Wálé o, jáńjàlá!*
Wọ́n fà ọ́ lọ, n kò rí ọ mọ́,
*Wálé o, jáńjàlá!*
Ṣé ilé akọpẹ lo wọ̀ sí?
*Wálé o, jáńjàlá!*
Ilé ṣú mi, ọ̀nà ṣú mi,
*Wálé o, jáńjàlá!*

Akọpẹ jáde, ó ní ìyá, ó wà níbí tẹ́lẹ̀, ó ti wà nílé kejì. Ó lọ sílé kejì.

Bámigbé, ọmọ Àwẹ̀ró,
*Wálé o, jáńjàlá!*
Ṣé ilé alágbẹ̀dẹ lo wọ̀ sí?
*Wálé o, jáńjàlá!*
Ilé ṣú mi, ọ̀nà ṣú mi,
*Wálé o, jáńjàlá!*

Alágbẹ̀dẹ ní láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, kò tíì padà dé, ó ṣì wà nílé kejì. Ó lọ sílé aláró, aláró ní ilé kejì. Ó lọ sílé amọ̀kòkò, amọ̀kòkò ní ilé kejì. Ó rìn títí oòrùn fi yí sẹ́yìn, ó kan ilẹ̀kùn kan, akọpẹ ló jáde. Ó ti yí gbogbo ìlú po, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró gba ààfin lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó ní, “Kábíyèsí, mo yí gbogbo ìlú yín po. Gbogbo ilé tí mo dé, ajá mi ti ṣíwájú mi kúrò níbẹ̀ tàbí kí ó máà tíì dé. Ẹ dákun, ajá ni ó ń rìn ni, àbí ìlú ni?”

 Ọba ránṣẹ́ pe akọpẹ, ó bi í. Akọpẹ búra pé nígbà tó tún yí kan òun, òun fà á fún Láníhùn kí ó tún mú un lọ sílé alágbẹ̀dẹ. Ó pe alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ búra pé kò padà dé ọ̀dọ̀ òun. Ó pe aláró, ó pe amọ̀kòkò, ó pe ilé dé ilé. Ọba di orí mú. Ó ní, “Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú yín, síbẹ̀ n kò rí òótọ́ kankan dì mú.” Ó wá pàṣẹ pé kí olúkúlùkù lọ mú ẹran tó wà nílé rẹ̀ nísinsìnyí wá sí iwájú ààfin.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ohun tí gbogbo ìlú mú wá kò ju adìyẹ bíi mélòó kan lọ, pẹ̀lú ológbò kan tí etí rẹ̀ ya, tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Gbogbo ojú wá yí, ó di ọ̀dọ̀ Láníhùn. Ọba bi í pé níbo ni àwọn ẹran wà.

Láníhùn gbé ojú sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Kábíyèsí, wọ́n wà lójú ọ̀nà.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, Kábíyèsí. Wọ́n ti kúrò nílé kan, wọn kò tíì dé ilé kejì.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n gbá a nígùnpá. Ọba dìde. Ó ní ó dára, kí gbogbo wa lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà náà. Ó ní kí ìyá àgbà ṣíwájú, kí ó máa kọrin rẹ̀, kí gbogbo ìlú máa gbè é. Wọ́n gba gbogbo ọ̀nà ìlú, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gba ọ̀nà oko Láníhùn. Ẹ gbè é:

Bámigbé, ọmọ Àwẹ̀ró,
*Wálé o, jáńjàlá!*
Gbogbo ìlú ló wá ọ wá,
*Wálé o, jáńjàlá!*
Ibi o bá wà, ké sí mi o,
*Wálé o, jáńjàlá!*

Ni wọ́n bá gbọ́ láti inú àká iṣu: wọ́ọ̀! Ewúrẹ́ ní mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Àgùntàn ní bọ̀ọ̀ọ̀. Alágbẹ̀dẹ fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó já wó gbàgà, àwọn ẹran rọ́ jáde gìrìgìrì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ì bá rò pé wọn yóò sáré lọ sílé. Ilé wo? Wọ́n sáré dé ìta gbangba, wọ́n dúró. Ewúrẹ́ gba apá ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó padà. Ilẹ̀kùn ti ṣí, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò lọ. Gbogbo ìlú ń wò wọ́n.

Bámigbé jáde kẹ́yìn, ó ti rù hangogo. Ìyá àgbà ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ajá òun nìyẹn. Láníhùn tí ìtìjú ti bò ṣì rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní ta ló mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni? Ó ti sùn nílé gbogbo wa, gbogbo wa la sọ ọ́ lórúkọ; ẹni tó bá ni ín, kí ó pè é kí ó wá. Àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá. Ọba ní kí wọ́n pè é.

Akọpẹ pe Ẹ̀yìn-là-ń-wò, ajá sáré lọ bá a. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ìyàwó alágbẹ̀dẹ fi pe Àṣírí-á-tú, ajá yí padà. Aláró fi orúkọ tirẹ̀ pè é, amọ̀kòkò fi tirẹ̀ pè é. Ajá ń yí pìrì, pìrì, pìrì lójú kan, ahọ́n rẹ̀ jáde, títí ó fi ṣubú lulẹ̀. Láníhùn ju eegun sí i. Ó jẹ eegun náà lórí ìdùbúlẹ̀, kò wo ojú ẹni tó jù ú.

Wọ́n ní ó ku Àwẹ̀ró. Ìyá àgbà mi orí. Ó ní, “Kábíyèsí, n kò ní pè é. Wọ́n ti pè é jù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mú un, kí ó má fà á fún ẹlòmíràn mọ́ láé. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ èmi, kí ó ṣáà jẹ́ ẹnì kan.”

Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ gbòǹgbò kan, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ajá tó ti sùn gbọ́ ọ. Ó fi ìṣòro dìde, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú ìyá àgbà, ó dúró síbi gbòǹgbò náà, ó kọ̀, kò kúrò. Àwẹ̀ró na ọwọ́, ó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Wọ́n jọ ń lọ. Kò sí ẹni tó tún béèrè ẹni tó ni ajá.

Ọba dorí kodò. Ó ní, “A ṣẹ̀, gbogbo wa. Òrùlé la fún wọn, a kò fún wọn nílé. Oko kò béèrè pé ọwọ́ ta ló ro òun, ṣùgbọ́n ohun tó bá ní ẹ̀mí á béèrè.” Ó fòpin sí àáró náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú èyí tí agbára wọn gbé, kí wọ́n fún un ní orúkọ kan, kí orúkọ náà má sì jẹ́ èébú fún aládùúgbò. Ẹni tó bá mú un lónìí ni yóò máa sìn ín títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára oúnjẹ, kí ẹni tó lágbára ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹran má kúrò lójú kan. Ní ti Láníhùn, ó ní kí ó tú àká iṣu náà, kí ó fi igi rẹ̀ kọ́ ilé ewúrẹ́ sí àgbàlá gbogbo ẹni tí kò ní. Láníhùn gbé igi kiri títí èjìká rẹ̀ fi bó, ẹnu dídùn rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń mú, wọ́n ń lọ. Amọ̀kòkò mú àgùntàn méjì. Akọpẹ gbé ọmọ ewúrẹ́ kọ́ ọrùn. Ó wá ku ológbò olójú kan yẹn. Ọba ní ta ni yóò mú un? Àwọn ìjòyè ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.  Ọba tẹ̀ ba, ó gbé ológbò náà mọ́ra. Ìjòyè kan sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ọba máa ń gbé. Ọba ní, “Èmi ni mo ní kí ìlú ṣe é. Ẹ fẹ́ kí n fà á fún ta ni?”

Ológbò fi èékánná fa aṣọ ọba ya fàà, ó ká jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sùn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìjòyè ti ń dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, tí ológbò ń gba ọ̀dọ̀ ọba kọjá láì kí i.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi rìn dé nìyí, ó ti rí ilé wọ̀. Bí mo bá fi irọ́ bọ̀ ọ́, kí ahọ́n mi lọ́ mọ́ mi lẹ́nu lọ́la tí mo bá fẹ́ gbàdúrà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, ẹ̀yin ọmọ mi, bí gbogbo wa bá pa ọwọ́ pọ̀ ṣe rere, kí olúkúlùkù mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì dì í mú. Ọlọ́run kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí ìlú ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tó sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ ni yóò bi ọ́.